Ta Ló Ń Rántí? Ọ̀rọ̀ lórí Owó Ayélujára fún Ọmọdé àti Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó ayélujára, kí n sì sọ ọ́ débi tí yóò fi yé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ti wá rí i pé bí wọ́n bá ní kí àgbà la nǹkan yé ọmọdé, àgbà gan-an ni wọ́n ń dán wò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo yín mọ̀ lórúkọ. Bí orí ọmọ kan bá pé, a máa ń ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Kí ni bàbá yìí ṣe tí orúkọ rẹ̀ fi dọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ? Wọ́n ní ó máa ń gba àjọ lọ́wọ́ èrò rẹpẹtẹ láì kọ ọ́ sílẹ̀, bí oṣù bá sì parí, kì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. (Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò ó fi ra kẹ̀kẹ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ la bá wá.) Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Obìnrin tó dá àjọ lánàá kò ní owó yẹn lọ́wọ́ mọ́. Ohun tó ní ni pé Alájọ rántí. Owó rẹ̀ ti di ìrántí nínú orí ọkùnrin kan. Ibi tí mò ń lọ náà nìyẹn: owó tí a kò lè fọwọ́ bà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bá wa rántí rẹ̀. Ta ni ẹni náà?

Owó tí a lè fọwọ́ bà kò ní irú wàhálà yìí. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná, láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kó o wá. Wọ́n á dá a lu, wọ́n á sin ín sókùn, ogójì ẹyọ lórí okùn kan. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ òǹkà Yorùbá, ọ̀kẹ́ kan tí ẹ̀ ń pè ní 20,000, àpò owó ẹyọ ni. Ẹni tí okùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìwé. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún 1845, àwọn oníṣòwò òyìnbó rí owó ẹyọ mìíràn ní agbègbè Zanzibar, èyí tó tóbi tí kò sì wọ́n, wọ́n bá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o dà sí etíkun wa. Owó pọ̀, iyì rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ohun tí okùn kan ń rà tẹ́lẹ̀, ó di ohun tí èèyàn ń ru ẹrù owó lọ rà. Nígbà tó di 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó o wọlé. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ Zanzibar yẹn pamọ́, mo ń bọ̀ wá bá a.

Wàyí o, bí mo bá fún ọ ní orógbó, orógbó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù ńkọ́? Fọ́tò dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó sì tún wà lọ́dọ̀ mi. Mo lè fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun gbogbo tó wà nínú kọ̀ǹpútà, bí fọ́tò ló rí: ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ kò ná wa ní nǹkan kan. Bí owó bá wá wọ inú kọ̀ǹpútà, kí ni kò ní jẹ́ kí n ná náírà kan náà fún ọgọ́rùn-ún èèyàn? Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ń bá jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ yé ti gbọ́ ìdajì iṣẹ́ tòní.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni báńkì. Nígbà ọ̀wọ́n owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, mo lọ ra ata. Kò sí owó bébà lọ́wọ́ mi, mo bá ṣe tíránsífà. Báńkì mi yọ owó lójú ẹsẹ̀, àmọ́ fóònù ìyá aláta kò dún. “Bọ̀dá, ẹ ṣì dúró ná o, alert ò tíì wọlé.” A dúró títí oòrùn fi wọ̀, èmi lápá kan, ata lápá kejì. Owó mi kò sọnù sójú ọ̀nà nítorí pé kò sí owó kankan tó rin ọ̀nà. Ìwé méjì ni: báńkì tèmi ti kọ ọ́ pé mo ti san, báńkì tirẹ̀ kò tíì kọ ọ́ pé ó ti gbà. Alájọ méjì kò tíì gbọ́ra wọn yé. Ẹ̀yin ọmọ, owó tí bàbá yín ní òun ní ní báńkì, kì í ṣe bébà tí wọ́n fi okùn so, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Nọ́ńbà kan nínú ìwé ẹlòmíràn ni.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé eNaira, owó ayélujára tirẹ̀, jáde. Bahamas ti gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún kan ṣáájú wa. Náírà náà ni eNaira, iye rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bébà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló di ìwé mú. Kò ràn bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ràn, kò sì yà mí lẹ́nu: ẹni tó ti ní alájọ tó ń lò, ó yẹ kí ẹ sọ ohun tí alájọ tuntun fi sàn jù fún un.

Ìdáhùn kejì ló le, òun náà ló sì dùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, lásìkò tí àwọn báńkì ńláńlá ń wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto fi ìwé olójú-ewé mẹ́sàn-án síta. Ohun tó sọ, bí ẹ bá bọ́ aṣọ òyìnbó lára rẹ̀, kò ju èyí lọ: ẹ má wulẹ̀ wá alájọ, kí gbogbo yín jọ jẹ́ alájọ. Bitcoin nìyẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é níhìn-ín. Ogójì ni ẹ̀yin ọmọ tó wà níwájú. Kí oníkálukú mú ìwé kan lọ́wọ́. Bísí dìde, ó pariwo pé, “Mo fún Kúnlé ní ọmọ ayò márùn-ún!” Ẹ kò rí ọmọ ayò kankan, kò sì sí. Gbogbo yín á yẹ ìwé yín wò: ṣé Bísí ní márùn-ún? Ó ní in. Ẹ yọ ọ́ lábẹ́ orúkọ Bísí, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ti Kúnlé. Bí Bísí bá tún dìde tó ní òun fi márùn-ún kan náà fún Ṣadé, ogójì ẹnu ni yóò sọ pé irọ́ ni. Fọ́tò ti di orógbó.

Kúnlé wá dé ilé, ó fẹ́ yí ojú ewé àná padà. Kò rọrùn. Lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, a máa ń kọ nọ́ńbà kan tí a ṣírò láti ara gbogbo ohun tó wà lójú ewé tó ṣáájú rẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí níbẹ̀, nọ́ńbà kò ní bára mu mọ́, gbogbo ojú ewé tó tẹ̀ lé e á sì dàrú títí dé òpin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní blockchain: ojú ewé tí a so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n.

Ta ni yóò kọ ojú ewé tuntun? Ìdíje ni. Àwọn kọ̀ǹpútà kárí ayé á máa wá nọ́ńbà kan tí kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè ta sí i ju kó máa dán an wò lọ, bí ẹni tó kó kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ dání lẹ́nu ilẹ̀kùn kan. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnì kan tó rí i. Ẹni tó bá rí i ló kọ ojú ewé náà, ó sì gba ẹ̀bùn: bitcoin 50 nígbà àkọ́kọ́, iye náà sì ń pín sí méjì ní bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, títí ó fi di 3.125 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Nítorí pé ẹ̀bùn náà ń dín kù báyìí, gbogbo bitcoin tó lè wà láyé kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ẹ rántí Zanzibar: kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè kó òmíràn dé.

Bí kò ti sí alájọ, kò sí ẹni tí a ó sunkún lọ bá. Ohun tó ń fi hàn pé ìwọ lo ni bitcoin rẹ ni nọ́ńbà àṣírí kan, òun ni kọ́kọ́rọ́ rẹ. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, o gbàgbé owó. Ní ọdún 2013, ohun tí kọ́kọ́rọ́ ọkùnrin kan ní ìlú Newport, ní Wales, wà nínú rẹ̀ bá ìdọ̀tí lọ sí ààtàn. Bitcoin tó lé ní 7,000 ló bá a lọ. Ó bẹ ìjọba ìbílẹ̀ títí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tú ààtàn náà, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ kò gbà fún un.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹni tó bá wá bá yín pé ẹ kówó wá, kó di ìlọ́po méjì lóṣù kan, tó sì ń pè é ní kirípítò, orúkọ tí wọ́n ń pe irú owó bíi bitcoin, ẹ ní kó fi ìwé hàn yín. Ìwé bitcoin ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọmọ yín lè fi fóònù wò ó. Èyí tí ẹlẹ́tàn gbé wá, òun nìkan ló mọ ohun tó wà níbẹ̀, àfàìmọ̀ kó má sì sí ìwé kankan. Ètò ẹlẹ́tàn tí wọ́n ń pè ní MMM, tó ti owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 kò nílò bitcoin kó tó dá ìyá ìlú lágara.

Òfin ńkọ́? Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì ẹni tó ń ṣòwò kirípítò. Àwọn ọ̀dọ́ bá ń tà á fún ara wọn lọ́wọ́ sí ọwọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ dẹ okùn àṣẹ náà. Òfin ọdún 2025 sì ti ka kirípítò mọ́ ohun ìdókòwò tí ìjọba ń mójú tó.

Nígbà tí mo ń wọlé, ọmọ kékeré kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ẹ̀yin bàbá, ṣé mo lè fi ra búrẹ́dì nílé ìwé wa?” Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè ti dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010, ọkùnrin kan ní Florida fi bitcoin 10,000 gba pizza méjì, nítorí náà a lè fi jẹun. Àmọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, bitcoin kan tó nǹkan bíi 69,000 dọ́là. Nígbà tí ọdún fi yípo, ó ti wálẹ̀ sí abẹ́ 17,000. Oníbúrẹ́dì yín ní ìyẹ̀fun láti rà lọ́la, kò sì lè mọ iye tí bitcoin yóò jẹ́ nígbà náà.