Iná Oòrùn ní Ibùdó Oko: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Á Mọ̀ Kí Á Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olórí agbo ilé, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ ibùdó sọ

  A mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ bó, àgbàdo sì ń dúró de ẹni tí yóò ya á. Nítorí náà a kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni a bá wá. Láìpẹ́ yìí ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ibùdó. Wọ́n ń ka ilé, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n ń béèrè iye ẹ̀rọ ìlọta tí a ní. Bí wọ́n ti ń lọ tán ni ariwo ń ta. Àwọn kan ní owó ti jáde láti Àbújá. Àwọn kan ní baálẹ̀ ti gba tirẹ̀. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kí àìmọ̀ má baà dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti ṣí ìsédò Kàínjì ni iná ti ń gba orí oko ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ kọjá lọ sí ìlú ńlá. Àgbẹ̀ ń wo wáyà lókè, fìtílà ni ó ń tàn nílé. Òpó iná wọ́n, ọ̀nà jìn, ilé àwọn àgbẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ń ta iná kò fi yà sọ́dọ̀ wa.

Ní ọdún 2005 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mú iná dé ìgbèríko. REA ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Òfin náà kan náà ni ó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 350 dọ́là fún ètò iná ìgbèríko Nàìjíríà, Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà sì fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún un. Ní òpin ọdún 2023, Báǹkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní DARES. Èròńgbà rẹ̀ ni pé kí iná dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé owó yíyá ni owó Báǹkì Àgbáyé yìí. Nàìjíríà ni yóò san án padà, àwa náà sì wà nínú Nàìjíríà. Nítorí náà kì í ṣe sàráà ni wọ́n ń ṣe fún wa; ẹ̀tọ́ wa ni kí á béèrè bí wọ́n ṣe ń ná an.

Kì í ṣe àlá ni a ń rọ́. Ní Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn olóko kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé iná oòrùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 85 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018. Ní Rokota, ní Ìpínlẹ̀ Niger, òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019 lábẹ́ ètò tí a ń sọ yìí. Àgbẹ̀ bí tiwa ni wọ́n ní ibi méjèèjì.

OWÓ NÁÀ KÌ Í KỌJÁ LỌ́WỌ́ BAÁLẸ̀

Ọ̀nà méjì ni àjọ náà ń gbà ṣe ìrànwọ́ fún ilé iná kékeré. Èkínní, àjọ náà yóò yan àwọn ìletò fúnra rẹ̀, yóò sì ké sí àwọn ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n mú ìwé àbá wá. Nínú àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà, ẹni tí ó bá ní òun yóò gba ìrànwọ́ tí ó kéré jù ni yóò borí.

Èkejì, ilé-iṣẹ́ yóò fúnra rẹ̀ wá ìletò tí ó wù ú, yóò bá wọn ṣe àdéhùn, yóò kọ ìwé àbá rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ. Bí wọ́n bá gbà á, owó ara rẹ̀ tàbí owó tí ó yá ni yóò fi kọ́ ilé iná náà. Ìgbà tí iná bá tàn nínú ilé, tí àjọ yẹ̀ ẹ́ wò tí ó rí i pé òótọ́ ni, ni wọn yóò tó san owó ìrànwọ́ fún un lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ètò ọdún 2018 bẹ̀rẹ̀, 350 dọ́là ni wọ́n dá lé ilé kan; wọ́n sì fi kún un lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni èyí kọ́ wa. Ìkínní ni pé ilé-iṣẹ́ ni a ń san owó náà fún, lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé baálẹ̀ tàbí akọ̀wé ibùdó ti jẹ owó iná, kí ó kọ́kọ́ dá ahọ́n rẹ̀ dúró.

Ìkejì ni pé ẹni tí ó bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dá owó fọ́ọ̀mù, kí orúkọ ibùdó lè wọlé ní Àbújá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń kọ ìwé àbá ni ó ń náwó sí i, kì í ṣe àgbẹ̀.

Ìkẹta ni pé owó ni ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà. Ahéré tí a fi koríko bò, bí ènìyàn bá ń gbé inú rẹ̀ tí ó sì fẹ́ iná, oníbàárà ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nítorí pé a jẹ́ àlejò, kí wọ́n ka ilé onílẹ̀ kí wọ́n fi tiwa sílẹ̀.

KÍ Á KA ILÉ WA BÍ Ó TI RÍ

A mọ ìṣe àwọn àgbà wa. Bí ẹni tí a kò mọ̀ bá ń ka ilé, a máa ń bu díẹ̀ kù, nítorí ìbẹ̀rù owó orí. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, bí a bá bù kù, iná tí wọn yóò gbé wá kò ní ká wa. Bí a bá sì sọ pé ẹ̀rọ ìlọta 20 ni a ní, nígbà tí ó jẹ́ 6, wọn yóò gbé ẹ̀rọ ńlá wá, àwọn díẹ̀ tí ń lo iná ni yóò sì máa san owó agbára tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ẹ sọ òótọ́: ilé mélòó, ẹ̀rọ ìlọta mélòó, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ mélòó, ta ni ó ń fi ẹ̀rọ fa omi sí oko ata àti tòmátì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni yóò ra fírísà bí iná bá dé. Iṣẹ́ tí à ń fi iná ṣe lọ́sàn-án ni ó ń jẹ́ kí ilé iná oòrùn pẹ́, nítorí pé ọ̀sán ni oòrùn ń ràn. Iná alẹ́ inú bátìrì ni ó ti ń jáde, bátìrì sì wọ́n.

IYE OWÓ IRÚ INÁ YÌÍ

Iná yìí wọ́n ju ti ìlú lọ. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ìlú ni ó yẹ kí á fi wé e, nítorí pé a kò ní iná ìlú. Ohun tí à ń lò báyìí ni kí á fi wé e. Láti òpin oṣù May 2023 tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí pẹtiróòlù ni gbogbo wa ti mọ ohun tí ojú jẹnẹrétọ̀ rí. Bí ẹnì kan bá ń ra líta 2 lójúmọ́, líta 60 nìyẹn ní ọjọ́ 30. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó ń ra líta kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó fi owó ọ́ìlì àti ti mẹkáníìkì kún un. Iye tí ó bá rí ni kí ó mú wá sí ìpàdé tí a ó ti jíròrò iye owó iná.

Ìlànà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé jáde ní ọdún 2023 sọ pé ilé iná kékeré kò gbọdọ̀ ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá fi ìṣirò àjọ náà dá iye owó, ó gbọ́dọ̀ bá àwọn oníbàárà ṣe àdéhùn, kí ìdá 60 nínú 100 wọn sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà ohùn yín ṣe pàtàkì. Òfin iná ọdún 2023 tún fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti ní àjọ tirẹ̀. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ léèrè ọ̀dọ̀ àjọ wo ni ìwé àṣẹ rẹ̀ ti wá, kí ẹ sì rí ìwé náà.

ÌWÉ TÍ A Ó TỌWỌ́ BỌ̀

Ìwé méjì ni wọ́n máa ń gbé wá. Ìkínní ni ìwé pé a kò ní bá ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi parí ìwé àbá wọn. Ìwé yìí kò gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ. Bí ẹ kò bá rí ọjọ́ tí yóò parí nínú rẹ̀, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹnì kan má baà fi orúkọ ibùdó sínú àpò kí ó sì lọ sùn.

Ìkejì ni àdéhùn iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: wákàtí mélòó ni iná yóò máa tàn, iye owó, àti bí wọ́n ṣe lè yí i padà, ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, láàárín ọjọ́ mélòó, àti ta ni yóò pààrọ̀ bátìrì. Pátákó tí ń gba oòrùn lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bátìrì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wáyà ìlú bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu lè yẹ̀, ìwé kì í yẹ̀.

ILẸ̀ ÀTI ONÍLẸ̀

Èyí ni ó gbẹgẹ́ jù. Ilẹ̀ tí a fún wa láti fi dáko kì í ṣe ilẹ̀ tí àwa lè fún ẹlòmíràn fún ogún ọdún. Bí a bá nawọ́ ilẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó gbà wá sílẹ̀ mọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ iná yóò di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, gbogbo wa ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Kí baálẹ̀ wa mú àwọn àgbà lọ bá olórí ìlú kí ilé-iṣẹ́ tó lọ bá a. Kí ìgbìmọ̀ iná jẹ́ ti onílẹ̀ àti àlejò pọ̀, kí orúkọ ibùdó wa sì wà nínú àdéhùn gedegbe, kì í ṣe kí wọ́n kàn sọ pé ìlú àti agbègbè rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní ti ẹni tí ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìkórè kan sí méjì òun yóò padà sílé, kò pọn dandan kí ó dúró de wáyà. Ètò kan náà ń ran àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta sólà ilé lọ́wọ́, èyí tí a lè máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò lè lọ ata, ṣùgbọ́n ó lè tan iná sí yàrá kí ọmọ fi kàwé, ó lè gba fóònù lágbára. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ ó tú u kúrò lórí òrùlé, ẹ ó gbé e lọ.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a fi ń bẹ̀ yín kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Kí olórí agbo ilé kọ̀ọ̀kan kọ iye ilé àti ẹ̀rọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ yan ènìyàn márùn-ún sí ìgbìmọ̀, kí méjì ó kéré tán jẹ́ obìnrin, nítorí pé àwọn ni wọ́n ni ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, àwọn ni wọ́n sì ń di ọmọ mú nínú òkùnkùn lóru tí ara rẹ̀ kò yá. Ìwékíwèé tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá, ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn. A ó kà á ní èdè Yorùbá etígbọ̀ọ́ gbogbo yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò.