Ẹ̀jẹ̀ Tí Kì Í Ṣe ti Nǹkan Oṣù

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má dìde lọ. Ọwọ́ yín ni owó ọkọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ nípa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń hù sí apá ìta, níbi tí nọ́ọ̀sì lè fi ọtí kíkan pa á, kí ó sì fojú rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, adenocarcinoma ni àwọn dókítà ń pè é. Inú ihò tó lọ sínú ilé ọmọ ló sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ọtí kíkan lè má fi í hàn, àyẹ̀wò Pap pàápàá lè fò ó.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Henrietta Lacks, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tó dàgbà nínú oko tábà ní Virginia. Ó bí ọmọ rẹ̀ karùn-ún ní September 1950. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kan ṣe é. Nígbà tó di January 1951, ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lára rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Kókó ti yọ lẹ́nu ilé ọmọ. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n pè é ní oríṣi tó wọ́pọ̀, wọ́n sì fi radium tọ́jú rẹ̀. Ó kú ní 4 October 1951, ẹni ọdún 31. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà tún ẹran náà wò, tí wọ́n rí i pé adenocarcinoma ni.

Bí wọ́n bá ti yẹ̀ yín wò tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ọkọ sùn; ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àsìkò; ẹ̀jẹ̀ lára ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró; omi tó ń dà ṣáá. Àwọn kan sọ fún mi pé àwọn yóò kórè ẹ̀gẹ́ tán ná. Ṣé ẹ̀gẹ́ yóò sá kúrò nínú ilẹ̀ ni? Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Nnewi. Ẹ ní kí dókítà wo inú ihò náà, kí ó ha díẹ̀ níbẹ̀ tàbí kí ó gé e, kí wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ibẹ̀ nìkan ni a ti lè mọ orúkọ àrùn náà dájú.

Bí a bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá ti tàn, ìtànṣán pẹ̀lú oògùn tí a ń fà sínú iṣan ni. Ẹ̀rọ ìtànṣán wà ní UNTH, Ituku-Ozalla, lẹ́bàá Enugu. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì ń ná ni lówó, n kò ní purọ́ fún yín.

Ẹran tí wọ́n gé lára Henrietta (wọn kò tilẹ̀ bi í léèrè) ṣì ń hù nínú ìgò títí di òní. Inú rẹ̀ ni Harald zur Hausen ará Jámánì àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti rí fáírọ́ọ̀sì HPV 18 láàárín 1980 sí 1989. Fáírọ́ọ̀sì yẹn wà lára èyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní October 2023; ó dé Anambra níhìn-ín ní 2024. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un.

Ẹni tí kò bá gbọ́ Igbo tàbí òyìnbó, kí ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi yóò bá a lọ.