Ìgbà wo ni ó yẹ kí a lé akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, pàápàá bọ́ọ̀lù gbọọrọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá mọ́ àyà sáré. Ìwé àdéhùn ni ó fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé kíkà sì ni iṣẹ́ tiwa.

Ọmọ ilé ni Scott Frost jẹ́ ní Yunifásítì Nebraska. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 1997, tí wọ́n jọ pín in pẹ̀lú Michigan. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù Kejìlá 2017, tìlù tìfọn ni wọ́n fi gbà á. Ní ọdún 2018, ó borí nígbà 4, ó pàdánù nígbà 8. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2019, àwọn aláṣẹ fi ọdún méjì kún àdéhùn rẹ̀, ó di 2026. Ìtàn ọmọ tí ó padà wálé ni wọ́n fọwọ́ sí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2021, ó pàdánù nígbà 9. Kò sí èyí tí àlàfo ayò rẹ̀ ju 9 lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2022, Georgia Southern nà wọ́n nílé wọn, 45 sí 42. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú kí wọ́n tó lé e. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ tó mílíọ̀nù 15 dọ́là. Bí wọ́n bá ti dúró di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ìdajì rẹ̀ ni wọn ìbá san.

Àwọn kan pè é ní ìnákúnàá. Èmi kò gbà. Aláṣẹ tí ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀, tí ó wá ń ka ọjọ́, àwọn ọmọ tí ń forí gbárí lórí pápá ni ó ń tàn jẹ. Eegun wọn ni ó fi ń ṣọ́ owó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Frank Beamer ní Virginia Tech. Nígbà tí ó dé ní ọdún 1987, ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó bá nílẹ̀: wọ́n ti dín iye ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó lè fún àwọn eléré kù. Ní ọdún 1992, ó borí nígbà 2, ó pàdánù nígbà 8, ó gbá ọ̀mì 1. Dave Braine, ọ̀gá eré ìdárayá níbẹ̀, kò lé e. Ní oṣù Kìíní 2000, Beamer dé àṣekágbá ìdíje orílẹ̀-èdè. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. (Ẹ má bi mí léèrè iye ewé tí ó rà sára ọṣẹ.)

Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀? Àwọn méjèèjì ni ó pààrọ̀ olùrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún burúkú wọn. Ẹrù tí Beamer rù, ó bá a nílẹ̀ ni. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kí á fi ṣe àwíjàre fún un. Síbẹ̀, ẹni tí ó dúró ní ọdún 1992 kò lè fi ojú rí ọdún 2000. Ohun tí ó wà níkàáwọ́ aláṣẹ pátápátá ni ọjọ́ ìfọwọ́síwèé.

Ní ọdún 2021, Texas A&M sún àdéhùn Jimbo Fisher síwájú di 2031, wọ́n sì fi owó rẹ̀ dá a lójú. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n lé e ní oṣù Kọkànlá 2023 ju mílíọ̀nù 75 dọ́là lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ó borí Mississippi State, 51 sí 10; ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ní kí ó máa lọ.