Ọgbẹ́ Tí Ojú Kò Rí
Àwọn ajagun-fẹ̀yìntì ń bẹ láàárín wa ní Ìkẹjà àti Agége. Àwọn kan ja ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970. Àwọn kan lọ sí Làìbéríà láti 1990. Ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n àìsùn àti àárẹ̀ tí dókítà kò rí ìdí rẹ̀ ń da àwọn mìíràn láàmú. Kí a má ṣe pè é ní èpè tàbí ìmẹ́lẹ́. Ní 1994, Amẹ́ríkà ṣòfin láti sanwó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mú lẹ́yìn ogun Ìráàkì ti 1991. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn bàbá wa tọ́jú ìwé ìfẹ̀yìntì wọn, kí a sì sìn wọ́n lọ sí ọsibítù àwọn ológun ní Yábàá. Ẹni tó jagun nítorí wa kò yẹ kó dá jẹ̀rora.