Ìgbafẹ́ Àwọn Ọmọ Òrukàn Wa: Ibi Tí A Lè Dé àti Owó Tí Apá Wa Ká

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùtọrẹ

  



Ní ìpàdé tó kọjá, bàbá wa kan dìde, wọ́n bi wá pé: "Ọmọ òrukàn tí kò tíì rí owó ilé-ìwé san, kí ló ń wá ní ọgbà ẹranko?" A kò rí èsì tó gún régé fún wọn lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ sàká kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Owó sàká kò wọ inú ìgbafẹ́ yìí, kọ́bọ̀ kan kò wọ̀ ọ́. Ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun pín sàká fún nínú Sūratu t-Tawbah, āyah 60, gbogbo wa mọ̀ wọ́n. Ọmọ òrukàn kò dá dúró nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ tálákà tàbí aláìní ló fi ń ní ìpín níbẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ wa sì ń fi ìpín náà ṣe fún un ni oúnjẹ, aṣọ, oògùn àti owó ilé-ìwé. Sáárà ni a fi ń ṣe ìgbafẹ́, láti ọwọ́ àwọn tó mọ ohun tí wọ́n dá owó fún. Ìwé ìṣirò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kí ó wò ó.

Ó wá ku ìdí tí a fi ń ṣe é. Ànábì wa fúnra rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó mọ ohun tí ojú òrukàn ń rí. Ẹ rántí àbúrò Anas tí ẹyẹ kékeré rẹ̀ kú, bí Ànábì ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà bá a ṣàwàdà. Ẹ rántí ọjọ́ ọdún tí àwọn ará Habaṣa ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí, tí ó jẹ́ kí Āishah máa wò wọ́n títí ó fi wò ó tẹ́rùn. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí ọdún bá dé, ẹni tó ní bàbá á gun ọ̀kadà lẹ́yìn bàbá rẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ọmọ òrukàn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ẹ mọ ohun tí ojú wa rí ní 2025, nígbà ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ìfọ́n àti Erin-Ọ̀ṣun. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba ìpínlẹ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. Ìlobùú àti Ìfọ́n tí ilé kan ilé, tí àlejò kò lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí! Ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ni à ń pè ní Ìrẹ́pọ̀dùn. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ orúkọ. Àwọn ọmọ tí a ń tọ́jú wà ní ìlú méjèèjì. Ṣáájú ìjà yẹn, ilé-kéwú kan náà ni àwọn mìíràn nínú wọn ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá kan sọ fún wa pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ kọjá títì mọ́.

Bí a bá pè wọ́n sí Ìlobùú, àwọn ti Ìfọ́n kò ní wá. Bí a bá pè wọ́n sí Ìfọ́n, bákan náà ni. Nítorí náà ni a ṣe mú Òṣogbo, ní Nelson Mandela Freedom Park tó wà ní Old Garage. Kò jìnnà, àyè gbalasa sì wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan gbéra láti Ìlobùú, èkejì láti Ìfọ́n. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wá, pẹ̀lú ìyá mẹ́sàn-án. Ìyá méjì yọ ọmọ tiwọn, a kò sì bá wọn jà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó sí fún bíi wákàtí kan, títí ẹnì kan fi gbé bọ́ọ̀lù jáde. Ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ọmọ ló pín ara wọn sí ẹgbẹ́ méjì, ìga ni wọ́n fi pín in, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìlú. Nígbà tó di ìrun Àílà, ẹní kò tó, àwọn ìyá sì kí tiwọn papọ̀ lórí èyí tó wà.

Ní ti owó, nínú náírà mẹ́wàá tí a ná, ọkọ̀ nìkan kó mẹ́fà. Kí ó tó di May 2023, iye tí ìjọba ń ta lítà epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000. Ìyẹn ni a fi ń sọ pé ká wo itòsí kí a tó wo ọ̀nà jíjìn. Oúnjẹ kò wọ́n wa, nítorí ilé ni a ti sè é: ìrẹsì, ẹyin sísè, mọ́ínmọ́ín, omi nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá ra oúnjẹ lẹ́nu géètì ti fi owó ọmọ méjì bọ́ ọmọ kan.

A ti ṣe àṣìṣe rí. Ibì kan wà tí a kò ní dárúkọ, a kó ọmọ débẹ̀ láì kọ́kọ́ lọ wò ó, a bá géètì ní títì, wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe. Inú oòrùn ni àwọn ọmọ jókòó sí. Búrẹ́dì la rà fún wọn, a sì kó wọn padà. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ ti lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Wọ́n á béèrè iye tí ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ ń san, wọ́n á wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi àlùwàlá, ibòji, àti ibi tí ọmọ lè gbà jáde láì jẹ́ pé a rí i. A sì máa ń so aṣọ aláwọ̀ kan náà mọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, kí a lè tètè kà wọ́n.

Àwọn kan dábàá etí odò Erinlẹ̀ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. A kò gbà, ìwọ̀nba ni ẹni tó mọ omi wẹ̀ láàrin wa. Àwọn kan ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi omi Olúmirìn tó ń já láti orí òkè. Ó dára, ṣùgbọ́n àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, ó yẹ àwọn tó ti bàlágà. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ibi ìjọsìn àwọn mìíràn ni. A kò bú wọn, a kò sì ní kó ọmọ lọ síbẹ̀.

Èyí tí a ń fojú sí báyìí ni ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Ọgbà Agodi náà wà ní Ìbàdàn. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 ba ibẹ̀ jẹ́ púpọ̀, ó sì gbé ẹranko lọ; wọ́n ti tún un ṣe lẹ́yìn náà, koríko àti igi rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni a ó lọ lọ́jọ́ kan. Ìbàdàn ju 80 kìlómítà lọ sí wa, ìyẹn sì tó ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà kí arìnrìn-àjò gé ìrun kúrú, kí àwọn olùkọ́ ilé-kéwú fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ lójú ọ̀nà.

Ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé yìí pinnu kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé bọ́ọ̀sì Ìlobùú àti bọ́ọ̀sì Ìfọ́n la ó tún ní, àbí kí a da àwọn ọmọ pọ̀ láti ilé? Ní tiwa, kí a dà wọ́n pọ̀. Wákàtí méjì lójú ọ̀nà kì í ṣe kékeré, bí ọmọ Ìfọ́n bá jókòó ti ọmọ Ìlobùú. Bí ẹ bá ní kò tíì tó àsìkò, a ó gbà.

Ní ti àwọn ìyá méjì tí wọ́n yọ ọmọ wọn, a ó tún lọ bá wọn lọ́jọ́ Àlàmísì lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹni tó bá sún mọ́ wọn láàrin ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lọ.