Ká Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nínú Ẹkún

Ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin yèyé mi, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa,

Ní ilẹ̀ wa níbí, bí Kábíyèsí bá dé adé ńlá, ìlẹ̀kẹ̀ a bo ojú wọn. Bí omi bá bọ́ lójú Ọba, ta ló máa rí i?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ní Lọ́ńdọ̀nù, Harry, ọmọ-ọmọ Ọbabìnrin Elizabeth, ń sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ẹgbẹ́ WellChild, tó ń ran àwọn ọmọdé tí àìsàn líle ń ṣe lọ́wọ́. Ó rántí oyún ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun. Àwọn èèyàn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún un.

Àwa ńkọ́? Lọ́dún kan, arábìnrin wa kan sunkún nípàdé, ó fẹ́ yáwó nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọsibítù. Àwọn kan pòṣé pé ẹkún ọgbọ́n ni. Èmi akọ̀wé yín wà lára wọn. A ní kó padà wá lóṣù kejì. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìyá ti lu gbogbo ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo.

Arábìnrin mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ká tó pòṣé.