Àmì tí a fi ń mọ ọjà olówò

Ẹni tí ó lọ ra ọṣẹ tàbí símẹ́ǹtì lọ́jà kì í sábà ka gbogbo ohun tí a kọ sára rẹ̀ kí ó tó sanwó. Àwòrán ni ojú rẹ̀ ń wá. Nítorí náà, iṣẹ́ ńlá ni ó wà lọ́rùn ayàwòrán tí olówò bá pè kí ó wá ṣe àmì fún ọjà òun. Bí àmì náà bá jọ ti ẹlòmíràn, èrè ẹni tí ó ṣe làálàá yóò bọ́ sápò ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ẹni tí ó rajà yóò sì gbé ayédèrú relé.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1876 ni ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Bass, àwọn apọntí ìlú Burton, ni ó kọ́kọ́ wọ inú ìwé: igun mẹ́ta pupa kan ṣoṣo. Kò sí kìnnìún, kò sí adé. Ọmọdé lè fi igi yà á sínú yanrìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilà Oǹdó ní àtijọ́, ẹyọ kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rí i lókèèrè kì í béèrè ìlú ẹni tí ó kọ ọ́.

Ìkarahun Shell tún fi èyí hàn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ lo ìkarahun onílà bí abẹ̀bẹ̀ ní 1904, bí ìkarahun etí òkun gan-an ni wọ́n ṣe yà á. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un rọrùn sí i, títí Raymond Loewy fi ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ní 1971. Ẹni tí ń wakọ̀ kọjá kò ráyè ka ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní 1971 kan náà ni Carolyn Davidson, akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ya àmì Nike, ó sì gba dọ́là 35. Phil Knight tí ó ni iṣẹ́ náà kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nígbà náà; ó ní bóyá yóò wọ òun lójú tó bá yá. Owó náà kéré jọjọ, ṣùgbọ́n ní 1983 ilé iṣẹ́ náà fún un ní òrùka wúrà àti ìpín ìdókòwò.

Ní tòótọ́, ìfẹ́ olówò nìkan kò tó fi díwọ̀n àmì. Púpọ̀ nínú wọn a fẹ́ kí a ya òun tìkára wọn pẹ̀lú fìlà, kí a fi ọ̀pẹ àti ọkọ̀ akẹ́rù kún un. Ayàwòrán tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè àwọn tí ń ra ọjà náà, àti ohun tí a ó tẹ àmì sí. Bí ó bá jẹ́ àpò gàrí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, kí ó rántí pé yíǹkì a máa ràn lára àpò, ilà wẹ́wẹ́ a sì dàpọ̀. Kí ó fi dúdú nìkan tẹ̀ ẹ́ wò ná, nítorí àwọ̀ púpọ̀ a máa gbówó lérí. Kí ó tún gbé e sáàárín àpò àwọn ẹlòmíràn, kí ó sún sẹ́yìn, kí ó wò ó bóyá ojú yóò yà á sọ́tọ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin àmì òwò ti 1965 ni ó ń dáàbò bo àmì tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀: ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún 14 fún ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí olówò ti wádìí bóyá ẹlòmíràn ti gba irú àmì náà, kí ó tó tẹ ẹ́ sára àpò kan ṣoṣo.